Bí Òkúta Ṣe Ń Pa Ìtàn Ara Rẹ̀ Mọ́: Ìfèsì Àlùmọ́ọ́nì láti Ìfọ̀nyìn dé Ìkàrẹ́ àti Agou

Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ilẹ̀ Benin ń kọ ní Ifangni, wà ní ẹkùn Plateau, lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà. Ìgòlò, tó dojú kọ Ìdí-Ìrókò, wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ kànga ní ilẹ̀ yìí yóò bá ilẹ̀ pupa, amọ̀, iyanrìn àti yangí pàdé. Kò ní bá irú àpáta tó wà ní Abẹ́òkúta, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Ìdáàṣà. Síbẹ̀, ọlọ kì í wọ́n nínú agbo ilé Ànàgó, ẹdùn àrá sì wà lójúbọ Ṣàngó. Bí ilẹ̀ kan kò bá ní òkúta líle, a jẹ́ pé ẹnì kan ló gbé òkúta náà dé. Láti ibo ló ti gbé e wá?

Àwọn àgbà lè dá wa lóhùn dé ìwọ̀n tí ìrántí ìdílé gùn dé. Lẹ́yìn ìyẹn, òkúta náà fúnra rẹ̀ ló kù tí a lè bi léèrè. Bí a ṣe ń wo ilà ojú láti mọ ìlú tí ènìyàn ti wá láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ òkúta ṣe ń wo horo àlùmọ́ọ́nì tó wà nínú òkúta láti mọ ibi tó ti kọjá: bí ó ṣe jìn tó nínú ilẹ̀, bí ooru ṣe pọ̀ tó lára rẹ̀, àti ìgbà tó gòkè padà. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí ilà náà ṣe ń wà lára òkúta, ohun tí wọ́n ti kà lára àwọn òkúta àtayébáyé ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní Tógò, àti ohun tó yẹ kí àwa tí à ń tọ́jú ogún ìbílẹ̀ fi ìmọ̀ náà ṣe.

Ilẹ̀ Ìfọ̀nyìn àti àpáta tó wà lábẹ́ rẹ̀

Ilẹ̀ pupa tó bo Ìfọ̀nyìn, Ṣakẹ́tẹ́ àti agbègbè Àjàṣẹ́ ni àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní terre de barre. Ọ̀rọ̀ Potogí kan tó túmọ̀ sí amọ̀ ni wọ́n ti fa "barre" yọ. Ilẹ̀ yìí jẹ́ apá òkè pátápátá nínú ìpele iyanrìn, amọ̀ àti òkúta ẹfun tó tẹ́ sílẹ̀ láti gúúsù ìlà-oòrùn Gánà, gba Tógò àti Benin kọjá, títí wọ gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Onígbòlò, nítòsí Pọbẹ̀, àti èyí tó wà ní Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, inú ìpele yìí kan náà ni àwọn méjèèjì wà.

Àwọn ìpele wọ̀nyí kò tíì pẹ́ nílẹ̀ bí a bá fi wọ́n wé àpáta. Nígbà tí Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ń pínyà, ní ohun tó lé díẹ̀ ní 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, etí ilẹ̀ rì, kòtò gbọ̀ọ̀rọ̀ kan sì yọ. Odò ń kó iyanrìn wá sínú kòtò náà láti òkè, òkun ń wọlé ó sì ń jáde, títí kòtò fi kún. Abẹ́ iyanrìn yẹn ni àpáta àtijọ́ wà. Bí a bá rìn láti Ìfọ̀nyìn lọ sí àríwá, tí a kọjá Kétu, iyanrìn á máa fẹ́lẹ́ sí i, àpáta á sì yọ orí jáde: àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ àti àwọn òkè Ìdáàṣà. Bí a bá gba ìlà-oòrùn lọ, a ó bá Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Òkúta gneiss àti granite ni wọ́n. Irú wọn ló rì sábẹ́ iyanrìn lọ sí gúúsù, tí Ìfọ̀nyìn jókòó lé lórí láìrí wọn.

Iyanrìn Ìfọ̀nyìn pàápàá, ọmọ àpáta ni. Nígbà tí òjò àti oòrùn bá jẹ àpáta àríwá, èyí tó rọ̀ nínú rẹ̀ á di amọ̀, èyí tó le á di iyanrìn tí odò ń gbé lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ilẹ̀ Ìfọ̀nyìn dáadáa ní láti mọ ìtàn àpáta tó bí i.

Ohun tí à ń pè ní ìparadà òkúta

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ amọ̀kòkò ṣàlàyé. Amọ̀ tútù tí a kàn sá sóòrùn á le, ṣùgbọ́n bí a bá da omi lé e lórí, á padà di ẹrẹ̀. Amọ̀ tí a ti fi iná sun kò ní padà di ẹrẹ̀ mọ́, bó tilẹ̀ pẹ́ nínú odò fún 1,000 ọdún. Iná ti lé omi tó wà nínú amọ̀ náà lọ, ohun mìíràn ló sì dà. Kò yọ́ bí irin inú iléru. Ó ṣì wà gẹ́gẹ́ bí ohun líle, àmọ́ inú rẹ̀ ti yípadà. Èyí gan-an ni ìparadà òkúta: òkúta yípadà nínú, láìjẹ́ pé gbogbo rẹ̀ yọ́, nítorí pé ooru àti ìwúwo ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ ti yàtọ̀.

Kìlómítà kọ̀ọ̀kan tí a bá wọ inú ilẹ̀ lọ, ooru sábà máa ń fi dígírí 25 sí 30 lé sí i. Epo tí a fi ń din àkàrà kì í sábà kọjá nǹkan bí 200 dígírí. Nígbà tí ooru òkúta bá dé nǹkan bí 500 sí 650, ó ti wà ní ipò àárín nínú ìparadà. Bí ó bá kọjá 700 sí 800, tí ó sì lè dé 900, òkúta náà ti dé ipò tó ga jù lọ. Òkúta ipò gíga yìí ni wọ́n ń pè ní granulite. Níbẹ̀, àlùmọ́ọ́nì tó ní omi nínú kò lè dúró mọ́; àwọn tí kò lómi ló ń gba ipò wọn.

Ìfèsì: bí àlùmọ́ọ́nì kan ṣe ń di òmíràn

Nígbà tí ipò bá yípadà, àwọn horo inú òkúta máa ń fèsì sí i. Wọ́n á pín ohun tó wà nínú wọn fún ara wọn, àwọn kan á parẹ́, àwọn tuntun á sì hù. Kò sí ohun tó wọlé, kò sì sí ohun tó jáde, àyàfi omi. Ìyípadà yìí ni a ó máa pè ní ìfèsì nínú àpilẹ̀kọ yìí. Mẹ́ta nínú wọn ló ṣe pàtàkì jù fún ohun tí à ń sọ.

Àkọ́kọ́ ni ti àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta: kyanite, andalusite àti sillimanite. Ohun kan náà ló wà nínú wọn: aluminium, silicon àti oxygen ní ìwọ̀n kan náà. Bí a ṣe to wọn ló yàtọ̀. Níbi tí ìwúwo bá pọ̀ tí ooru kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, kyanite ni yóò hù. Níbi tí ìwúwo bá kéré, andalusite ni. Níbi tí ooru bá pọ̀, sillimanite ni. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè pàdé níbì kan ṣoṣo, ní nǹkan bí 500 dígírí, ní ìjìnlẹ̀ tó tó kìlómítà 15. Nítorí náà, bí a bá rí kyanite tí sillimanite ń gba ipò rẹ̀, òkúta náà ti sọ fún wa pé òun kọ́kọ́ jìn, kí ooru tó wá mú òun.

Èkejì ni ti biotite, mica dúdú tó máa ń tàn yanran nínú òkúta. Omi wà nínú biotite. Nígbà tí ooru bá ga, biotite, sillimanite àti quartz á fèsì pọ̀, wọ́n á sì bí garnet, cordierite, feldspar àti díẹ̀ nínú òkúta yíyọ́. Òkúta yíyọ́ yìí ló máa ń dì padà di ìlà funfun tó ń lọ́ kiri nínú gneiss. Ẹni tó bá ti rí àpáta tó ní ìlà funfun àti dúdú tó ká bí aṣọ tí a rún ti rí èso irú ìfèsì báyìí.

Ẹ̀kẹta ni ti hornblende, tó dúdú tó sì ní omi nínú. Nínú ooru gíga, hornblende àti quartz á di oríṣi pyroxene méjì àti plagioclase, omi á sì jáde. Níbi tí a bá ti rí pyroxene oríṣi méjì wọ̀nyẹn pọ̀ nínú òkúta tó ti paradà, a mọ̀ pé ó ti dé ipò granulite.

Ìdí tí ìtàn náà kò fi parẹ́

Ẹnìkan lè béèrè pé: bí òkúta ṣe yípadà nígbà tó ń wọlẹ̀ lọ, ṣebí ó yẹ kó tún yípadà padà nígbà tó ń gòkè bọ̀, kí gbogbo rẹ̀ sì dà bí ẹni pé kò lọ síbì kan? Ìdáhùn wà nínú omi. Omi ni òjíṣẹ́ tó ń gbé nǹkan láti horo kan dé òmíràn. Nígbà tí òkúta dé ibi tó gbóná jù, omi rẹ̀ jáde, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí òkúta wá ń tutù, kò sí òjíṣẹ́ mọ́. Ìfèsì á bẹ̀rẹ̀, á sì dúró lágbedeméjì. Bí ìkòkò tí a ti sun kò ṣe lè padà di amọ̀, bẹ́ẹ̀ ni granulite ṣe gbé ipò gíga rẹ̀ gòkè wá fún wa láti rí.

Ìfèsì tó dúró lágbedeméjì yìí gan-an ni ìwé tí à ń kà. Bí gbogbo rẹ̀ bá parí, ohun tó wà tẹ́lẹ̀ á pòórá, a kò sì ní mọ̀ nípa rẹ̀.

Láti kà á, wọ́n á gé òkúta sí wẹ́wẹ́, wọ́n á fá a títí yóò fi fẹ́lẹ́ dé ìwọ̀n 0.03 mìlímítà, tí ìmọ́lẹ̀ á fi lè gbà á kọjá, wọ́n á sì wò ó lábẹ́ maikirosikóòpù. Ohun mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń wá:

- Horo tó há sínú horo. Bí garnet ṣe ń dàgbà, ó máa ń gbé àwọn horo kéékèèké mì. Ooru àti omi ìta kì í tètè dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Ohun tó há síbẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tó kù nípa ìgbà tí garnet náà kò tíì dàgbà.
- Òrùka tó yí horo ká. Bí garnet bá ń jẹrà nígbà tí òkúta ń gòkè, a ó rí plagioclase tàbí pyroxene tó yí i ká bí ẹ̀gbà. Òrùka náà fi hàn pé ìwúwo ti dínkù.
- Horo tó hun pọ̀ mọ́ra bí ẹní. Nígbà tí ìfèsì bá yá jù, horo tuntun kì í ráyè dàgbà. Wọ́n á wọnú ara wọn bí ìka ọwọ́ méjì tí a fi kọ́ra. Èyí sábà máa ń fi hàn pé òkúta náà yára gòkè.

Òkúta náà máa ń gbàgbé o. Ní ooru tó kọjá 700 dígírí, irin àti magnesium inú garnet máa ń rìn láti ibì kan sí ibòmíràn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín inú garnet àti ẹ̀bá rẹ̀ á sì parẹ́. Ìdí nìyí tí òkúta ipò gíga fi sábà máa ń sọ ibi tó gbóná dé jù àti bí ó ṣe gòkè, tí ìrìn àjò rẹ̀ wọ inú ilẹ̀ sì máa ń ṣòro láti mọ̀. Àwọn horo tó há sínú ni wọ́n fi ń wá a.

Ìkàrẹ́, Àkúrẹ́ àti Adó-Èkìtì

Ní ilẹ̀ Yorùbá, Ìkàrẹ́ Àkókó, ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, ni ibi tí àwọn onímọ̀ máa ń tọ́ka sí jù bí ọ̀rọ̀ granulite bá dé. M. A. Rahaman àti O. O. Ocan kọ̀wé nípa ìparadà ipò gíga tó wáyé lágbègbè náà, nínú ìwé kan lórí àpáta àtijọ́ Nàìjíríà tó jáde ní 1988. Ọ̀pọ̀ gneiss tó kù ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ló wà ní ipò àárín: hornblende àti biotite ló kún inú wọn. Ìkàrẹ́ ṣe pàtàkì nítorí pé ipò gíga ṣì hàn níbẹ̀ kedere.

Ní Àkúrẹ́, Adó-Èkìtì, Ìkẹ́rẹ́ àti Ìdànrè, òkúta mìíràn wà tí ojú rẹ̀ dúdú tó sì fẹ́ dà bí ewé tútù nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ ọ. Charnockite ni orúkọ rẹ̀. Pyroxene tí kò lómi wà nínú rẹ̀, èyí tó fi hàn pé nínú ooru gíga àti ibi gbígbẹ ló ti dì. Orúkọ náà ní ìtàn tí ẹni tó ń tọ́jú ogún ìbílẹ̀ yóò fẹ́ gbọ́. Ilé ìsìnkú Job Charnock, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ Calcutta ní Íńdíà, ni Thomas Holland ti rí òkúta tó fi sọ irú òkúta yìí lórúkọ, ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Lára òkúta ibojì ni ìmọ̀ ti jáde. Bí wọ́n bá ti wó ibojì náà láìkọ nǹkan kan sílẹ̀ nípa òkúta rẹ̀, orúkọ mìíràn ni à bá máa pe òkúta Àkúrẹ́ lónìí.

Agou àti òkun tó parẹ́

Ní ìwọ̀-oòrùn Ìfọ̀nyìn, ní Tógò, òkè Agou ga dé mítà 986, òun ló sì ga jù ní orílẹ̀-èdè náà. Agou, àwọn òkè Lato tó wà lágbègbè rẹ̀, àti àwọn òkè Kabyè ní àríwá, gbogbo wọn tò lórí ìlà kan tó ti Gánà wá. Orí ìlà yìí ni ilẹ̀ ńlá méjì ti pàdé. Ìwọ̀-oòrùn ìlà náà ni ilẹ̀ àtijọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wà. Ìlà-oòrùn rẹ̀ ni ilẹ̀ tí Benin àti Nàìjíríà jókòó lé. Òkun kan ti wà láàárín wọn rí. Òkun náà padé, etí ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn sì wọ abẹ́ ti ìlà-oòrùn lọ.

Àlùmọ́ọ́nì ló jẹ́ ká mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní gúúsù Tógò, òkúta kan wà tí wọ́n ń pè ní eclogite: garnet pupa wà nínú pyroxene aláwọ̀ ewé. Kò sí plagioclase nínú eclogite tó pé, nítorí pé nínú ìwúwo ńlá, plagioclase kò lè dúró. Ohun inú rẹ̀ á pín sínú garnet àti pyroxene náà. Eclogite wúwo ju granite lọ dáadáa. Nígbà tó ń gòkè, pyroxene aláwọ̀ ewé náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú ohun tó gbé mì sílẹ̀, plagioclase sì tún yọ, ní horo wíwẹ́ tó hun pọ̀ bí ẹní. K. Attoh ṣiṣẹ́ lórí granulite ìlà yìí, P. Affaton, Y. Agbossoumondé àti àwọn akẹgbẹ́ wọn náà ṣiṣẹ́ lórí àpáta Tógò àti Benin. Ní 2014, C. Ganade àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé irú òkúta tó jìn gan-an báyìí wà ní Mali, ní Tógò, àti ní àríwá ìlà-oòrùn Brazil, lórí ìlà tó gùn tó kìlómítà 2,500, àti pé nǹkan bí 610 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni gbogbo wọn wọlẹ̀.

Ìlà ìfọ́ Kandi, tó gba ilẹ̀ Benin kọjá láti àríwá sí gúúsù, náà ní ìkejì rẹ̀ ní Brazil. Àwa tí a ní ìbátan ní Brazil, tí a sì ní ìdílé Àgùdà ní Àjàṣẹ́, máa ń ka òkun sí ohun tó ya wá nípá. Kí òkun yẹn tó wà, ilẹ̀ kan ni ibi méjèèjì.

Ọjọ́ orí àpáta wa

Ìfèsì ń sọ ooru àti ìjìnlẹ̀. Kì í sọ ọdún. Zircon ló ń sọ ọdún. Ó jẹ́ horo kékeré tó le púpọ̀, tó máa ń gba uranium sínú nígbà tó bá ń hù. Uranium náà ń yípadà díẹ̀díẹ̀ di òjé. Ìdajì uranium 238 á ti di òjé lẹ́yìn nǹkan bí 4.47 bílíọ̀nù ọdún. Bí a bá wọn méjèèjì, a ó mọ ìgbà tí zircon náà hù. Zircon kan lè ní àárín tó ti pẹ́ gan-an, kí èèpo tuntun sì bò ó nígbà ìparadà, bí ilé àtijọ́ tí a tún rẹ́ lára.

Ní 1970, N. K. Grant gbé ọjọ́ orí gneiss Ìbàdàn jáde. Ọ̀nà rubidium àti strontium ló lò, ó sì rí nǹkan bí 2.2 bílíọ̀nù ọdún. Ní 1984, Tubosun, Lancelot, Rahaman àti Ocan fi zircon ka ọjọ́ orí charnockite àti granite ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Èyí tí wọ́n rí wà láàárín nǹkan bí 640 àti 580 mílíọ̀nù ọdún. Ìgbà kejì yìí bá ti Tógò mu. Òun ni W. Q. Kennedy pè ní Pan-African ní 1964, nítorí pé ó kan apá tó pọ̀ jù ní Áfíríkà.

Nítorí náà, ọjọ́ méjì ló wà lára ọ̀pọ̀ àpáta wa: ọjọ́ ìbí, àti ọjọ́ tí iná tún jó o. Ẹni tó bá kọ̀wé pé "àpáta yìí ti wà láti 2 bílíọ̀nù ọdún" àti ẹni tó kọ pé "600 mílíọ̀nù ni" lè jẹ́ olóòótọ́ méjèèjì. Ó yẹ kí a máa sọ èyí tí a ní lọ́kàn. Ó sì yẹ kí a yé pe àwọn òkè wọ̀nyí ní òkè tó ti tú iná rí. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ti paradà tàbí tí wọ́n ti dì; ilẹ̀ tó bò wọ́n ló ṣí kúrò.

Òkúta inú àṣà wa

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìmọ̀ yìí kò mọ sórí òkè ńláńlá.

Ẹ wo àwọn ère òkúta Èṣìẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Wọ́n ju 800 lọ, wọ́n sì dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ nítorí wọn ní 1945, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Òkúta tó rọ̀ tí talc kún inú rẹ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn. Talc ní omi nínú, kò sì lè fara da ooru tó wà láàárín 700 àti 800 dígírí: á di pyroxene àti quartz, omi á sì jáde. Nítorí náà, ère Èṣìẹ́ fúnra rẹ̀ ń sọ fún wa pé òkúta òun kò tíì rí irú ooru tí òkúta Ìkàrẹ́ rí, tàbí pé omi tún padà wọ inú rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Talc wà ní Apòmù àti Ìfẹ̀wàrà, nínú ìlà òkúta Ifẹ̀ àti Iléṣà. Ẹni tó bá ń wá ibi tí wọ́n ti wa òkúta ère kan yóò lo irú ẹ̀rí yìí láti mọ ibi tó yẹ kó wò àti ibi tí kò yẹ.

Ẹdùn àrá ńkọ́? Àwọn onímọ̀ ìwalẹ̀ mọ̀ ọ́n sí àáké òkúta tí àwọn ará àtijọ́ fá. Èyí kò mú kí ó kúrò lọ́wọ́ Ṣàngó. Ohun kan lè ní ìtàn méjì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ òkúta dúdú líle bí amphibolite, tí hornblende kún inú rẹ̀. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ilẹ̀ pupa. Ẹdùn àrá tí wọ́n bá hú nínú oko kan ní Ìfọ̀nyìn, ẹ̀rí ni pé ènìyàn ti rìn láti ilẹ̀ àpáta dé ibẹ̀ nígbà tó ti pẹ́ gan-an, tàbí pé ọjà ti so ibi méjèèjì pọ̀.

Ọlọ náà bẹ́ẹ̀. Ọlọ granite, ọlọ gneiss tó ní garnet, àti ọlọ tó dúdú bíi charnockite, ibi tó yàtọ̀ síra ni wọ́n lè ti wá. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ìlọta ti wọlé, ọ̀pọ̀ ọlọ ti di ohun tí a fi ń ti ilẹ̀kùn, àwọn mìíràn ti wọ ìpìlẹ̀ ilé. Nígbà tí ọlọ bá kúrò lọ́wọ́ ẹni tó mọ ìtàn rẹ̀, ìdajì ẹ̀rí ti lọ. Nígbà tí wọ́n bá fọ́ ọ, ìdajì kejì lọ pẹ̀lú.

Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ sí òkè. A nílò òkúta fún ọ̀nà àti ilé, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé kí a má fọ́ òkúta rárá. Ṣùgbọ́n ibi tí ìfèsì tó dúró lágbedeméjì ti hàn kedere kò pọ̀. Ó lè jẹ́ ojú àpáta kan tí kò fẹ̀ ju iyàrá kan lọ. Bí wọ́n bá fi bẹ́ǹbẹ́ fọ́ ọ, kò sí ibòmíràn tí a ti lè ka ojú ìwé yẹn.

Ohun tí a lè ṣe

Ọmọ ẹgbẹ́ kò nílò maikirosikóòpù láti ran iṣẹ́ yìí lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí ọlọ àtijọ́, ẹdùn àrá tàbí òkúta ojúbọ ní Ìfọ̀nyìn, Báńgbé, Dáàgbé tàbí abúlé mìíràn lágbègbè náà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀:

- Ibi tí òkúta náà wà báyìí, àti ibi tí ìdílé gbà pé ó ti wá. Ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ bí àgbà ṣe pè é gan-an.
- Ẹni tó gbé e dé: ìyàwó tó gbé e wá láti ilé bàbá rẹ̀, oníṣòwò, tàbí ẹni tó hú u nínú oko.
- Àwọ̀ rẹ̀ níbi tí ojú rẹ̀ kò tíì gbó: ó funfun, ó dúdú, tàbí ó dà bí ewé?
- Bóyá horo pupa roboto wà nínú rẹ̀ (ó lè jẹ́ garnet), bóyá ohun tó ń tàn yanran wà nínú rẹ̀ (ó lè jẹ́ mica), bóyá ó ní ìlà funfun àti dúdú.
- Ìwọ̀n rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, bí ó bá ṣeé gbé. Òkúta tó wúwo ju bí ó ṣe tóbi lọ yẹ fún àkíyèsí.
- Àwòrán rẹ̀ lójú ọ̀sán, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ má ṣe fọ́ òkúta láti wo inú rẹ̀, ẹ má sì fi ásíìdì tàbí búrọ́ọ̀ṣì irin fọ̀ ọ́. Òkúta ojúbọ kì í ṣe ohun tí à ń fọwọ́ kàn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Bí wọ́n bá ní kí a má yà á ní fọ́tò, ọ̀rọ̀ ti parí. Fún ọlọ tó ti fọ́ fúnra rẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìdílé bóyá wọ́n lè yọ̀ǹda èérún kan tó tó àtàǹpàkò. Ìwọ̀n yẹn tó fún ẹni tó fẹ́ gé e láti wò ó ní yunifásítì.

Fún àwọn tó ń gbé níbi tí àpáta wà, bí i Ṣábẹ̀ẹ́, Ìdáàṣà, Ìkàrẹ́ tàbí Èkìtì, iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n ya àwòrán ojú àpáta tí wọ́n ń fọ́, kí wọ́n kọ orúkọ òkè náà àti oríkì rẹ̀ bí ó bá ní, kí wọ́n sì tọ́jú èérún kan pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ibi tí wọ́n ti mú un. Bí orúkọ òkè àti èérún rẹ̀ bá wà níbì kan náà, ẹni tó bá gbé ọlọ Ìfọ̀nyìn wá lọ́jọ́ iwájú yóò rí ohun tó lè fi wé e.